Ọ̀nà.mp3 méjì nínú fódà kan: ẹ má tíì pa ìkankan rẹ́

Ẹ kú wàhálà. Ẹ ní láti ara Mac àtijọ́ kan lẹ ti kó orin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yín bọ́ sórí kọ̀ǹpútà Linux, ẹ wá bá Ọ̀nà.mp3 méjì nínú fódà kan náà. Ẹ fẹ́ pa ọ̀kan rẹ́, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń wò ó kòrókòró. Ojú yín ò tàn yín. Méjì ni wọ́n lóòótọ́, orúkọ wọn ò sì dọ́gba.

Àwa la rí Ọ̀ bí lẹ́tà kan. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, á àti è ní ààyè tiwọn, ọ àti ṣ náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀ kan tó dá dúró. Ńṣe ni wọ́n ń tò ó pọ̀. Kíbọọ̀dù kan á mú ọ, á gbé àmì dò lé e lórí. Òmíràn á mú o lásán, á fi àmì sí i nídìí, kó tó fi dò sí i lórí. Àwọn kan á kọ́kọ́ tẹ ò, wọn á wá padà wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Dísìkì Mac àtijọ́, ìyẹn HFS+, kì í bi yín léèrè: bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́, títú ló máa tú u sí wẹ́wẹ́ bíi ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. APFS, èyí tó rọ́pò rẹ̀ lórí Mac ní 2017, ò tú u mọ́. Linux ní tiẹ̀ ò dá sí i rárá. Báìtì (àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà pamọ́) tí ẹ bá gbé fún un ló máa tọ́jú, bí báìtì bá sì ti yàtọ̀, fáìlì ọ̀tọ̀ ni lójú tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ní òun ò rí èyí tí ẹ fọwọ́ tẹ̀.

Ẹ lọ sí terminal (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ), ẹ wọ inú fódà náà, kí ẹ tẹ èyí, kó lè fi báìtì orúkọ wọn hàn yín:

ls | xxd -g1

Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú e1 bb 8c cc 80, èkejì pẹ̀lú 4f cc a3 cc 80. Báìtì márùn-ún ni Ọ̀ gbà nínú àwọn méjèèjì, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ kí n tó mọ̀ nígbà tèmi, torí gígùn ni mo ń wọ̀n. (Linux ò sì gbà ju báìtì 255 fún orúkọ fáìlì kan lọ. Ọ̀ mọ́kànléláàádọ́ta ti kún un dẹ́múdẹ́mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi gbogbo àkòrí ìwàásù sọ fáìlì lórúkọ, ẹ rántí.)

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ orúkọ tì, nọ́ńbà ni kí ẹ fi pè é. Bí ẹ bá tẹ ls -li, ẹ máa rí nọ́ńbà kan níwájú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ká ní 48213 ni ti ọ̀kan nínú ìbejì náà, àṣẹ yìí máa sọ ọ́ di keji.mp3; mv ló ń yí orúkọ padà, -n ni kì í jẹ́ kó tẹ fáìlì míì mọ́lẹ̀:

find . -inum 48213 -exec mv -n {} keji.mp3 \;

Lẹ́yìn náà kí ẹ gbọ́ méjèèjì dópin. Lọ́dọ̀ tèmi, ọ̀kan nínú irú ìbejì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tó já lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń kó o.

Ẹnìkan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kúkú yọ gbogbo àmì dànù, kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ dákun, ẹ má gbọ́. Èmi gbọ́ ọ nígbà kan. Mo gba ohùn màmá mi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London, ọ̀rọ̀ kan, fáìlì kan, 1,140 lápapọ̀. Fláàṣì ń ṣe ségesège lórí kọ̀ǹpútà wọn, mo bá kọ àṣẹ kékeré kan tó ń yọ àmì kúrò lára orúkọ. Kò ráhùn, kò bi mí ní nǹkan kan. Ọjọ́ kejì ni mo tó kà wọ́n: 871. Mo ṣí oko.wav, màmá mi ní "ọkọ̀". Oko dà? Ọkọ dà? Ọkọ́ àti òkò ńkọ́? Gbogbo wọn ti di oko.wav, ẹni tó dé kẹ́yìn ti tẹ àwọn tó kù mọ́lẹ̀. Igba, igbá àti ìgbà náà ti di ọ̀kan. Mo ti nu fláàṣì kí n tó mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni màmá mi fi tún wọn kà, ìgbà òtútù ni, ohùn wọn ti há; ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ èyí tó jẹ́ àtúnṣe. Látìgbà náà, n kì í kọ mv láìfi -n sí i. Ọ̀nà àti Ọnà, Ona ni méjèèjì máa dà lọ́wọ́ yín.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo fi àmì sílẹ̀, mo sì fi convmv, irinṣẹ́ kan tó ń tún orúkọ fáìlì kọ, sọ gbogbo wọn di irú kan (--nfc ló ní kó lo irú ti àkọ́kọ́, ọ pẹ̀lú dò lórí):

convmv -f utf8 -t utf8 --nfc -r .

Bẹ́ẹ̀ yẹn, ohun tó fẹ́ ṣe nìkan ló máa sọ. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fi --notest kún un, torí ìgbà náà ló máa ṣe é gan-an.

Ní ti "Ta ni?.mp3" tí ẹ tún ní fláàṣì FAT32 (irú èyí tó ń tẹ̀lé òfin Windows) kọ̀, àmì ìbéèrè yẹn ni. Windows ò fẹ́ ẹ, kò fẹ́ : * " < > | náà. Ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá sì ṣí zip ẹnìkan tí ẹ rí ß╗ì níbi tó yẹ kí ọ wà, fáìlì ò bàjẹ́, orúkọ ni wọ́n ṣì kà.

Bí convmv bá ṣe tirẹ̀ tán tí ìbejì míì ṣì ṣẹ́kù, ẹ wá cc a9 nínú ohun tí xxd gbé jáde. Ẹni tó tẹ ìyẹn fi ìlà kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì tótó, convmv ò sì mọ̀ wọ́n ní ẹbí. Ọwọ́ lẹ máa fi tún ìyẹn ṣe. Ẹ fi èyí tí ẹ bá rí ránṣẹ́, màá bá yín kà á.