Àfòpiná tó fara pamọ́ sára igi óákù

ÌBÉÈRÈ: Nínú oṣù kẹwàá, mo fọwọ́ ti igi óákù kan nínú igbó kan ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ohun tí mo rò pé èèpo igi ni bá gbọn apá. Àfòpiná ni, ó láwọ̀ ewé, pẹ̀lú àmì dúdú àti funfun. Mo gbẹ́ ìdí igi náà bóyá màá rí ọmọ rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Kí lorúkọ rẹ̀? Ibo ló ń gbé dàgbà? Ṣé mo lè sìn ín?

ÌDÁHÙN: Lára óákù, nínú oṣù kẹwàá, pẹ̀lú àwọ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn, Merveille du Jour ni. Griposia aprilina làwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí "aprilina" ṣì yín lọ́nà o: kì í fò nínú oṣù kẹrin rárá. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni tirẹ̀.

Ohun tó ń hù bí ebu sára èèpo igi ló fara wé. Apá iwájú rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, òun ló fi ń bo apá ẹ̀yìn tó dà bí eérú. Méjì làwọn èèyàn sábà máa ń ṣì mú fún un. Scarce Merveille du Jour jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ oṣù kẹfà sí ìkeje ló ń jáde. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i fi wúlò ju fọ́tò lọ. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Green-brindled Crescent ní tiẹ̀ ń fò lásìkò kan náà, ṣùgbọ́n àwọ̀ ilẹ̀ ló pọ̀ lára rẹ̀, àwọ̀ ewé kàn ń dán yinrin láàárín ni.

Ní ti ilẹ̀ tẹ́ ẹ gbẹ́, ẹ pẹ́ dé ni. Ní nǹkan bí oṣù kẹfà ni ìdin tó ti jẹun yó ń sọ̀ kalẹ̀, á wọlẹ̀ nídìí igi, á hun ilé yí ara rẹ̀ ká, ibẹ̀ ni á ti paradà. Nígbà tẹ́ ẹ débẹ̀, onílé ti jáde. Òkè ló yẹ kẹ́ ẹ wò: inú pàlàpálá èèpo ẹ̀ka ni abo ń yé sí, ẹyin yẹn ló sì ń la òtútù já. Nígbà ìrúwé, ẹyin á pa, ìdin á lu inú ìrudi óákù wọlé, á máa jẹ ẹ́ látinú. Tó bá dàgbà, ewé ló kàn: òru ló ń jẹun, tílẹ̀ bá mọ́, á há sí pàlàpálá èèpo.

Tẹ́ ẹ bá máa sìn ín, ẹ má gbé ẹyin sínú yàrá tó ń móoru. Ooru á mú kó pa kí óákù tó rúdí, ebi á sì pa á, torí ìdin kékeré ò lè jẹ ewé tó ti gbó. Ìta ni kẹ́ ẹ fi sí, níbi tí òjò ò ti ní rọ̀ sí i. Tó bá di oṣù karùn-ún, ẹ da ilẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sínú ike, kó lè ríbi wọ̀. Ẹ má hú u wò! Bí ilé yẹn bá ya, kò lè tún un hun mọ́.

Àgbà rẹ̀ ń mu omi dídùn inú òdòdó ivy, ìtàkùn tó máa ń gun igi yẹn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí òdòdó náà lálẹ́ kí oṣù tó parí, ẹ ṣì lè bá a níbẹ̀.