Wọ́n so yìgì wa, ọkọ mi kò sí níbẹ̀: kí ni kí n kọ sínú fọ́ọ̀mù Kánádà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Pàkátà, nílùú Ìlọrin, ni wọ́n ti so yìgì èmi àti ọkọ mi ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Winnipeg ló ń gbé, ó sì ti gba PR Kánádà, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí lọ, kí a tó mọ ara wa. Kò ráyè wá lọ́jọ́ náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló dúró fún un, wọ́n gbé fóònù sórí ẹní níwájú àwọn Àfáà kó lè máa wò wá. Ní báyìí ó fẹ́ kọ̀wé kí n lè wá bá a. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù ní káfè ní kí n kàn kọ ọjọ́ yìgì síbẹ̀, kí n má sọ pé ọkọ mi kò wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ? Orúkọ mi pẹ̀lú kò bára mu nínú àwọn ìwé mi. Èmi ìyàwó Pàkátà.

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ẹ kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ bára yín kalẹ́. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín yẹn.

Ní ti ẹ̀sìn, yìgì yín dúró. Àwọn òbí fọwọ́ sí i, wọ́n san sàdáákì, ẹlẹ́rìí wà, aṣojú ọkọ sì gbà yín ní orúkọ ọkọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a nílé wa nígbà tí ọkọ bá wà lájò. Ṣùgbọ́n ojú tí òfin Kánádà fi ń wò ó yàtọ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2015, wọn kì í gba ìgbéyàwó tí ọ̀kan nínú tọkọtaya kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ìbáà ṣe aṣojú ló dúró, ìbáà ṣe orí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀kan náà ni lójú wọn. Àwọn ọmọ ogun Kánádà tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Tí ẹ bá fi ìwé yìgì yẹn nìkan ránṣẹ́, wọn ò ní kà yín sí ìyàwó rẹ̀, bó ti wù kí ìfẹ́ yín jinlẹ̀ tó.

Ẹ wá wò ó tí ẹ bá fi í pa mọ́. Fọ́ọ̀mù IMM 5532 máa bi yín nípa bí ẹ ṣe pàdé, ẹni tó fi yín mọ ara yín, bí ìnáwó ṣe lọ, iye èèyàn tó wá àti àwọn tó wá nínú ẹbí méjèèjì. Wọ́n á tún ní kí ẹ fi àwòrán ìgbéyàwó sí i. Nínú àwòrán tiyín, àbúrò ọkọ ló jókòó síwájú Àfáà, fóònù sì wà lórí ẹní. Bí òṣìṣẹ́ wọn bá sì ṣí ìwé ìrìnnà ọkọ yín, kò ní bá òǹtẹ̀ Nàìjíríà kankan fún oṣù Kejìlá yẹn. Ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ nínú ìwé báyìí, ọdún 5 ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ yín kọ́ ni wọ́n máa tì í mọ́.

Ohun tí mo rí sí i nìyí: kí ọkọ yín wá sílé, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ ṣe kóòtù. Òfin ìgbéyàwó wa kò dí ẹni tó ti ṣe ti ìbílẹ̀ tàbí ti ẹ̀sìn lọ́wọ́ láti tún ṣe kóòtù, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ ẹni kan náà ló fẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi wálé, kí wọ́n tó gbọ́ pé ìwé ìkéde gbọ́dọ̀ wà lára pátákó fún ọjọ́ 21 kí akọ̀wé ìgbéyàwó tó lè fún wọn ní ìwé àṣẹ. Òfin gbà kí ẹnì kan nínú yín fọwọ́ sí ìwé ìkéde yẹn, nítorí náà ẹ lọ fi sílẹ̀ ní rẹ́jísìrì bí oṣù kan kí bàálù rẹ̀ tó gbéra. Kó má pẹ́ jù náà: tí oṣù mẹ́ta bá kọjá lórí ìwé ìkéde, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun kan wà tí mo máa ń rí i pé mo sọ fún àwọn ọkùnrin Ìlọrin kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: ìgbéyàwó kóòtù kò fàyè gba ìyàwó kejì. Kí ọkọ yín gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, kí àwọn òbí rẹ̀ náà gbọ́.

Ọjọ́ kóòtù yẹn lẹ ó kọ sí ibi ọjọ́ ìgbéyàwó. Kí ẹ wá kọ lẹ́tà kan mọ́ ọn, kí ẹ sọ gbangba pé wọ́n so yìgì ní oṣù Kejìlá 2024, pé ọkọ kò sí níbẹ̀, pé àbúrò rẹ̀ ló dúró fún un. Ìwé yìgì náà, ẹ fi sí i. Tó bá jẹ́ èdè Lárúbáwá ni Àfáà fi kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí yín kankan kò gbọdọ̀ túmọ̀ rẹ̀, kódà kó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú Lárúbáwá.

Inú mi dùn pé ọkọ yín ti gba PR kí ẹ tó mọ ara yín. Ọkùnrin kan wá bá mi láti Ọ̀fà lọ́dún kan, tí wọ́n so yìgì rẹ̀ kó tó wọ Kánádà, tó kọ àpọ́n sínú ìwé tirẹ̀. Ìyàwó tàbí ọmọ tí èèyàn kò bá dárúkọ nígbà tó ń gba ìwé tirẹ̀, tí wọn kò sì yẹ̀ wò, òfin kò jẹ́ kó pè é wá lẹ́yìn náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀ ní ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ náà.

Ní ti orúkọ, mo mọ bó ṣe rí ní Ìlọrin níbí. Orúkọ àbísọ bàbá lẹ fi ṣe orúkọ ìdílé nínú ìwé WAEC, orúkọ agbo ilé ló wà nínú NIN, ti ọkọ sì ti wọ ibòmíì. Bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà yín ni kí ẹ kọ ọ́, lẹ́tà sí lẹ́tà. Àwọn orúkọ yòókù ní àyè tiwọn nínú fọ́ọ̀mù, ẹ kó gbogbo wọn síbẹ̀, kí ẹ sì búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni wọ́n.

Ẹ fara balẹ̀ níbi fọ́ọ̀mù IMM 5406, tó ń béèrè ẹbí. Ibẹ̀ ni àwa tí a dàgbà nínú agbo ilé ti ń ṣìnà. Kì í ṣe ọmọ ìyá yín nìkan ni wọ́n ń bi yín. Ọbàkan yín gbogbo wà níbẹ̀, títí kan àwọn tó ti kú. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín tí ẹ ń pè ní ẹ̀gbọ́n láti kékeré, kò sí lára wọn. Ẹ lọ jókòó ti ìyá yín pẹ̀lú bírò, kí ó máa dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Nínú fọ́ọ̀mù IMM 5669, tó ń béèrè ohun tí ẹ ti ń ṣe láti ẹ̀yìn wá, ẹ má fi oṣù kankan sílẹ̀ lófìfo. Tó bá jẹ́ pé ilé lẹ jókòó sí lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, ẹ kọ pé ẹ wà nílé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Kò sí iye owó oṣù pàtó tí ọkọ yín gbọ́dọ̀ máa gbà kó tó lè pe ìyàwó, ṣùgbọ́n yóò jẹ́jẹ̀ẹ́ láti bọ́ yín fún ọdún 3. Níwọ̀n bó ti jẹ́ PR ló ní, kó má kúrò ní Kánádà wá jókòó sílé ní gbogbo ìgbà tí ìwé bá wà lórí tábìlì wọn. Àbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun ṣojú yín lọ́dọ̀ wọn, ẹ béèrè ìwé àṣẹ Kánádà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò ní in, ìwé tí a ń ṣe ní Nàìjíríà níbí ni iṣẹ́ tèmi, n kì í sì í gba owó láti ṣojú ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí ọkọ yín bá wálé, ẹ sọ fún un kó má ju ìwé ìwọbàálù rẹ̀ nù. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀, kí ẹ fi sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó.