Ẹ gun òrùlé ná kí ẹ tó fọwọ́ kan ilé ìdáná

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, arákùnrin wa. Ẹ ní ilé oníyàrá mẹ́ta tí bàbá yín fi sílẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé lẹ fẹ́ tà, pé mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà ló wà lọ́wọ́ yín láti fi tún un ṣe, ẹ ò sì mọ èwo ni kí ẹ ṣe nínú ilé ìdáná tuntun, POP pálọ̀ (àjà pílásítà funfun yẹn) àti táìsì. Èmi ti ta ilé rí, ní Ìbàdàn níbí, mo sì náwó sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn. Kò sí èyí tó mú kọ́bọ̀ wọlé nínú wọn.

Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́rin ni tiwa, ní Àpáta. Bàbá àwọn ọmọ mi ló kọ́ ọ ní 1987. Nígbà tí wọ́n kú, tí àwọn ọmọ sì ti tú ká, mo ní kí a tà á, kí n lọ wá ibi tí gbígbá rẹ̀ ò ní máa rẹ̀ mí. Alágbàtà tó wá wò ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká tún ojú ẹ̀ ṣe díẹ̀. Àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ yìí, ojú ni wọ́n fi ń ra ilé." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. 2019 nìyẹn, mo sì ná 1,800,000 náírà. POP tó ní iná kéékèèké yí ká. Kábínẹ́ẹ̀tì pupa àti dúdú tó ń dán bíi mọ́tò tuntun. Ilé ìdáná kéré fún kábínẹ́ẹ̀tì náà, la bá mọ ògiri dí fàráńdà ẹ̀yìn, a sọ ọ́ di ara ilé ìdáná. Táìsì tuntun, orí táìsì àtijọ́ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, torí wọ́n ní wíwó tàtijọ́ á pẹ́. Ògiri yàrá kejì tí ọ̀dà rẹ̀ máa ń ṣí ní ìsàlẹ̀, mo ní kí wọ́n ha á, kí wọ́n kùn ún lọ́dà.

Tọkọtaya kan ló kọ́kọ́ wá wò ó. Wọ́n mú bíríkìlà tiwọn dání, bàbá kan báyìí tí kì í sọ̀rọ̀. Mo ti tan gbogbo iná POP sílẹ̀ dè wọ́n. Bàbá yìí ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá kejì ló lọ tààrà, ó lóṣòó, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀dà. Ọ̀dà náà hunjọ bí awọ tó máa ń bo ojú ògì gbígbóná tó bá ti ń tutù. Ó fà á, ó ṣí, nǹkan funfun bí iyọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dà sílẹ̀. Ó dìde, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ń fi kan táìsì pálọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: kó, kó, kó, pòkò. Ó pa dà síbi tó dún pòkò, ó tún kàn án. Ó wá bi mí pé, "Màmá, ibo lomi òjò ń gbà jáde níbí?"

Ẹ mọ òwe ògiri tó lanu. Aláǹgbá tèmi, bíríkìlà ni.

Ìyàwó ní tirẹ̀ ṣí kábínẹ́ẹ̀tì, ó pa á dé, ó wọ̀tún wòsì, ó ní, "Mà, níbo lẹ ti ń ro àmàlà?" Fàráńdà tí mo dí yẹn gan-an ni mo ti ro ó fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún! Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn á wó kábínẹ́ẹ̀tì náà bí àwọn bá rà á. Mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n fi dín iye tí mo pè. Lọ́yà wọn tún béèrè pláànù tí ìjọba fọwọ́ sí, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ní ilé ìdáná tó wà nínú ìwé yìí kọ́ lòun ń wò. Wọn ò pa dà wá mọ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e rọ̀, POP mi yọ òbìrìkìtì aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó fẹ̀ tó àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ iná ibẹ̀ gan-an.

Ìgbà yẹn ni mo tó gbé kápíńtà gun òrùlé. Páànù fúnra rẹ̀ ò bàjẹ́. Ìṣó ló ti dípẹtà, tí ihò rẹ̀ sì ti fẹ̀, àti ojú ibi tí òrùlé méjì ti pàdé, tí ewé máńgòrò ti kún dí i, tí omi wá ń wá ọ̀nà míì gbà. Owó tó lọ síbẹ̀ ò tó ìdá mẹ́rin owó POP. Ká ní mo ti ṣe é ṣáájú ni.

Ti ògiri ló gba sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ nígbà náà ló ní in. Omi inú ilẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ń fà sókè, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Bí wọn ò bá tẹ́ rọ́bà sórí ìpìlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, tàbí tó ti gbó, kò sí ọ̀dà tó lè dá a dúró. Ọ̀dà ò ṣe ju kó bo ó fún oṣù díẹ̀. Tiwa tún ní ẹ̀bi tirẹ̀, torí òjò tó ń ti etí páànù já bọ́, ìdí ògiri ló ń ta sí. A gbẹ́ gọ́tà kéékèèké yíká, a da kọnkéré tó ṣe gẹ̀rẹ́ síta sí ìdí ilé kí omi má lè dúró. Lẹ́yìn náà la ṣá pílásítà yẹn kúrò títí dé ìbàdí ènìyàn, a fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ kí ó gbẹ, a sì fi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n po oògùn adènà omi mọ́ rẹ́ ẹ padà. Ó gbà tó oṣù kan kí a tó kun ún. Kùnlékùnlé ń pariwo pé òun lè kun ún lọ́jọ́ kẹta. Mo ní kó máa lọ sílé.

Mo wó ògiri fàráńdà náà pẹ̀lú. Owó tí mo fi mọ ọ́, owó tí mo fi wó o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ní ti ìwé, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣọ́ra jù, torí ilé bàbá ni. Tí wọn ò bá ṣe ìwé ìhágún, ẹ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní kóòtù gíga kí alágbàtà tó dé. Gbogbo ọmọ tó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ilé ẹbí tí ẹnì kan dá tà láìjẹ́ pé olórí ẹbí mọ̀, ẹjọ́ ló ń bí. Ìwé sọ́fè àti pláànù, ẹ wá wọn jáde. Lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á máa lọ yẹ ìwé wò ní Sẹkitéríàtì Agodi, òfin ilẹ̀ ti 1978 sì ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sọ́wọ́ ẹlòmíì. Owó tí ẹ bá ná síbí, bẹ́ẹ̀ ni yóò hàn nínú iye tí wọ́n máa san, nígbà tí táìsì ò lè ṣe é.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tí kò wọ́n. Ẹ san gbèsè iná àtijọ́, torí wọ́n máa béèrè. Ẹ ro oko àyíká, ẹ ha ìpẹtà géètì kí ẹ fi ọ̀dà epo kùn ún, ẹ tún ẹ̀rọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń sun omi ṣe, ẹ bo kànga. Ọ̀dà inú ilé, funfun tàbí kírímù. Ẹ má kun ún ní àwọ̀ tí ẹ̀yin fẹ́ràn.

Tó bá jẹ́ Bódìjà àtijọ́ tàbí Jẹ́ríkò ni, tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ohun míì ni mi ò bá sọ. Mo ti rí ẹni tó ra ilé níbẹ̀ tó sì wó o kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ilẹ̀ ló rà. Irú ibẹ̀, ẹ gbá a mọ́ kí ẹ tà á.

Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́yẹlé ni tiyín, ẹ̀gbẹ́ adágún. Kò sí àgbà ará Ìbàdàn tó lè gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa ti 1980, àwọn ọ̀dọ́ náà sì rí ti 2011. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni bóyá omi ń wọlé níbẹ̀. Ẹni tó ra tèmi, oṣù kẹsàn-án ló wá, òjò ńlá bá a nínú ilé. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó jókòó ní pálọ̀, ó kọ̀. Ó dúró sí fàráńdà ẹ̀yìn, ó ń wo bí omi ṣe ń gba inú gọ́tà tuntun yẹn lọ, ó tó ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó dá, ó wọlé, ó fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ ògiri yàrá kejì, ó ní kí n sọ iye tí mo máa gbà gan-an. Ó dín ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba péré.

Ẹ má ì pe oní-POP kankan. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa ọdún tí páànù yẹn ti lò, àti bóyá ṣọ́kàwéè, kòtò omi ẹ̀gbin yẹn, sún mọ́ ògiri, kí a mọ ibi tí mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ yẹn máa kọ́kọ́ lọ.