Ṣé àbúrò mi tó ní schizophrenia (àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbóhùn àjèjì) lè dá oògùn dúró lẹ́yìn tó kúrò ní ọsibítù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín dá a dúró fúnra rẹ̀. Pé kò gbóhùn àjèjì mọ́, tó ń sùn dáadáa, oògùn náà ló ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 kó àbájáde ìwádìí 65 jọ: láàárín bí ọdún kan, nínú 100 tí wọ́n dá oògùn dúró, àìsàn náà tún padà sára nǹkan bíi 64, nínú àwọn tó ń lò ó, nǹkan bíi 27 ni.

Bí oògùn náà bá ń mú kí ara rẹ̀ le gbagidi, tí ọwọ́ ń gbọ̀n tàbí tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kó dín oògùn náà kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ń gbàgbé, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin níbí máa ń lọ bá àáfáà fún àdúà. Kò burú rárá, kí ẹ ṣáà má fi hàńtú (omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì tí wọ́n kọ sílẹ̀) rọ́pò oògùn. Ọ̀rọ̀ ilé gan-an wúwo: níbi tí wọ́n bá ti ń pariwo mọ́ ọn, tí wọ́n ń pè é ní wèrè, àìsàn náà tètè ń padà. Igbó mímu náà tún ń jí àìsàn yìí dìde.