Ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ara aláìsàn ni kí ẹ wọ̀n

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa ní Kàdúná. Ẹ béèrè bóyá áàpù tí ń ka lux (ìwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe mọ́ tó lójú ènìyàn) lórí fóònù lè wọn iná pupa tí ẹ fẹ́ máa lò fún ìtọ́jú photodynamic (èyí tí a ti ń fi òògùn pa awọ, tí a sì ń tan iná sí i kí òògùn náà lè ṣiṣẹ́), nígbà tí wọ́n ti kọ agbára iná náà sára páálí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Abuja, aláìsàn ni ó sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ojú ènìyàn ni wọ́n fi ṣe ìṣirò lux. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí ó wà ní nanometer 555 (nanometer ni a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, òun ni ó ń sọ àwọ̀ rẹ̀) ni ojú wa ń rí dáadáa jù. Tí ó bá ti di pupa ní 635, bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ni ojú fi ń rí i. Agbára tí ó wọ inú awọ gan-an ni ó ń jí òògùn tí a fi pa á, ìyẹn sì ni ó yẹ kí a wọ̀n: iye milliwatt tí ó ń bọ́ sórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, tí a fi iye ìṣẹ́jú àáyá tí iná fi tàn sọ di púpọ̀, kí a tó pín in sí 1,000 kí ó lè di joule.

Joule 37 ni a ń fún àwọn tí a fi ìpara MAL (methyl aminolevulinate, òògùn tí iná ń jí) pa lára lábẹ́ iná LED pupa. Mítà wa ka milliwatt 80, nítorí náà a tan iná fún ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú àáyá 42 sí iwájú orí bàbá kan tí ó jẹ́ àfín, tí oòrùn ti sọ awọ rẹ̀ di eépá. Nígbà tí bàbá náà padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo fi ìka kan ibẹ̀, ó ṣì le gbaragidi bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo lọ gbé mítà náà, mo sì rí i pé 532 ni wọ́n yí i sí, nítorí ẹnì kan ti fi wọn lésà aláwọ̀ ewé, kò sì yí i padà. Mo yí i sí 635, ó ka 58. Sílíkọ́nì tí ó wà ní ojú mítà máa ń gba pupa ju àwọ̀ ewé lọ, mítà sì ka èlé yẹn mọ́ ìmọ́lẹ̀. Nǹkan bíi joule 27 ni a ti fún bàbá yìí. Ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú àáyá 38 ni ó yẹ kí a fi tan iná sí i. Mo sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, a bẹ bàbá, a sì tún ìtọ́jú náà ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Nítorí náà, ẹ wá mítà tí ẹ lè yí sí àwọ̀ iná yín, kí ẹ sì gbé ojú rẹ̀ sí ibi tí awọ yóò wà gẹ́lẹ́, ní àárín àti ní ẹ̀gbẹ́, nítorí ẹ̀gbẹ́ máa ń rẹlẹ̀ sí àárín. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ nu gíláàsì iná àti ojú mítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú yìí máa ń dun aláìsàn gan-an, ó sì máa ń fa orí sẹ́yìn láìmọ̀. A ní igi pẹlẹbẹ kan tí káfíńtà gé ní ìwọ̀n àlàfo tí a fẹ́ láàárín iná àti awọ, òun ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè sọ iná di ìlọ́po méjì kí àkókò lè kúrú. Ìtọ́jú yìí ń jẹ ọ́síjìn inú ẹran ara, bí iná bá sì ti le jù, ọ́síjìn á tán kí ẹ̀jẹ̀ tó gbé òmíràn dé.

Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín ìtọ́jú, aago inú ẹ̀rọ tiwa máa ń padà sí òdo. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi aago ọwọ́ ka àkókò, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ iye tí ó kù nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá gbé e.