Ẹ Bi Wá: Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi àpáàdì lé èèyàn kúrò nílùú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ló ní àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ máa ń dìbò lé èèyàn kúrò nílùú, pé àpáàdì ni wọ́n fi ń dìbò ọ̀hún, àti pé ẹni tí wọ́n ń lé lè má ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní irọ́ ni. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? – Ìyá kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Mummy, ẹ má bínú o, ọmọ yín ló jàre.

Ìlú Áténì nìyẹn. Lọ́dọọdún wọ́n á kọ́kọ́ bi ará ìlú pé ṣé ká ṣe é lọ́dún yìí àbí ká fi sílẹ̀, tí wọ́n bá ti ní ká ṣe é, tó bá yá gbogbo wọn á pàdé ní ọjà wọn tí wọ́n ń pè ní Agora, kálukú á mú àfọ́kù ìkòkò kan dání tó ti fín orúkọ ẹni tó fẹ́ kó máa lọ sí lára. Kí ló dé tó fi jẹ́ àpáàdì? Papyrus tí wọ́n ń kọ̀wé sí nígbà yẹn, Íjíbítì ló ti ń wá, owó ńlá ni, àfọ́kù ìkòkò sì rèé nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀fẹ́. Ostrakon ni wọ́n ń pe àfọ́kù ọ̀hún.

Ìbò gbọ́dọ̀ pé 6,000. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá pọ̀ jù, ọjọ́ mẹ́wàá ló ní láti palẹ̀ mọ́, ó di ọdún mẹ́wàá kó tó padà. Kò sí ẹjọ́, kò sí lọ́yà. Àmọ́ wọn ò fọwọ́ kan ilé ẹ̀ tàbí oko ẹ̀ o, torí wọn ò sọ pé ó jalè, wọ́n kàn ń bẹ̀rù kó má di alágbára jù ni. Ṣebí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé Hippias tó ń fipá jọba lórí wọn lọ ní 510 ṣáájú ìbí Jésù ni, ẹbí Hippias yìí náà ni Hipparchos, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi àpáàdì lé, ní 487.

Ti Aristides, olóṣèlú kan ní Áténì, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, ní 482 ṣáájú ìbí Jésù. Olódodo ni wọ́n ń pè é nílùú. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì kan, ló sọ ọ́ (ó ju 500 ọdún lọ lẹ́yìn náà kó tó kọ ọ́, ẹ má fi búra) pé ará oko kan tí ò mọ̀wé na àpáàdì sí Aristides, kò mọ̀ pé òun ni, ó ní ẹ bá mi kọ Aristides. Aristides bi í pé kí ló ṣe ọ́? Ará oko náà ní kò ṣe mí ní nǹkan kan, mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí, ó kàn sú mi ni, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń pariwo Olódodo, Olódodo. Aristides ò fọhùn, ó kọ orúkọ ara ẹ̀ sí i, ó dá a padà fún un. Kò tiẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi pè é padà, ogun Páṣíà ló dé.

Màgòmágó náà wà ńbẹ̀ o. Ní 1937 wọ́n rí àpáàdì bíi 190 nínú kànga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Acropolis, orúkọ Themistocles, olóṣèlú Áténì kan, ló wà lára wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n wo ìkọ̀wé ẹ̀ dáadáa, kò ju èèyàn bíi 14 lọ tó kọ gbogbo ẹ̀. Àwọn kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ de àwọn olùdìbò nìyẹn. Àwọn obìnrin àti ẹrú ò kúkú láǹfààní láti dìbò rárá.

Àwọn míì tún ń fi àpáàdì bú èèyàn. Èyí tí wọ́n kọ fún Kimon, ọ̀gágun Áténì kan, ní kó mú Elpinike kó máa lọ, bíi pé àwọn méjèèjì ń fẹ́ra. Elpinike yìí, ọmọ bàbá Kimon ni o!