Ojú wíńdò físà ni soft power ti ń bàjẹ́

Ẹni tó béèrè pé tí ìjọba bá náwó sórí tẹlifíṣọ̀n àtàwọn olórin tó ń lọ ṣeré nílẹ̀ òkèèrè, ṣé àwọn ará ibẹ̀ á fẹ́ràn orílẹ̀-èdè náà (ohun tí wọ́n ń pè ní soft power nìyẹn, kí orílẹ̀-èdè máa fa èèyàn mọ́ra), ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ lẹ́ka àṣà ní ẹ́mbásì kan, èmi gan-an ni mò ń ṣètò irú eré bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kan a kó àwọn onílù àtàwọn oníjó wá, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí, inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn mọ́jú. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí ọmọkùnrin kan tó bá wa túmọ̀ èdè lọ́fẹ̀ẹ́ wá gba físà, ó ti rí skọ́láṣíìpù o, wọ́n fi sínú oòrùn látàárọ̀, ẹni tó jókòó sí wíńdò ò tiẹ̀ gbójú sókè wò ó, ó kàn ti ìwé ẹ̀ padà sí i. Ó pè mí, kò pariwo, ó kàn ní "ẹ ṣé, mà." Kò wá síbi ètò wa kankan mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà ò wá. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Joseph Nye, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó mú ọ̀rọ̀ náà, soft power, jáde ní 1990, ní ká fa èèyàn mọ́ra láìfipá mú un, láìfowó rà á. Ìwà ló sì ń fani mọ́ra. Láti 1956 ni Amẹ́ríkà ti ń rán àwọn olórin jazz káàkiri ayé, ní 1957 gómìnà ìpínlẹ̀ Arkansas níbẹ̀ kó ṣọ́jà dí ọ̀nà kí ọmọ aláwọ̀ dúdú 9 má bàa wọ iléèwé ní Little Rock, ni Louis Armstrong, gbajúmọ̀ olórin jazz tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, bá ní òun ò lọ Soviet Union tí ìjọba fẹ́ rán òun mọ́. Irú eré wo ló fẹ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀?

Tẹlifíṣọ̀n tó bá ń yin ìjọba nìkan ńkọ́? Rìmóòtù wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Ètò bíi Fulbright, skọ́láṣíìpù ìjọba Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1946, ni mo gbà gbọ́, torí akẹ́kọ̀ọ́ á wá gbé láàárín yín, á rí dáadáa yín, á rí àìdáa yín, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó so èso, àwọn mínísítà tó ń wá fọ́tò ò sì fẹ́ràn ohun tó ń pẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn mo bẹ ọ̀gá wa pé ká ta àtíbàbà síta, ká to bẹ́ńṣì sábẹ́ ẹ̀, ká sì máa kọ ìdí tá ò fi fún èèyàn ní físà sínú ìwé fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀. Ìgbà kẹta ló tó gbà.